Àkàbà Ìdènà: Ìwé Tí Àwọn Baba Wa Kọ Sórí Ilẹ̀

Mo kí ẹ̀yin tí ẹ máa ń ti oko tàbí ọjà dé ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹ ó wẹsẹ̀, tí ẹ ó mú ìwé àti kálámù yín, tí ẹ ó sì wá jókòó nílé ẹ̀kọ́. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ìfaradà. Ọwọ́ tí ó ti mọ ọkọ́ dì mú láti kékeré kì í tètè mọ kálámù dì mú. Ṣùgbọ́n ẹ ti ṣe é.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a ń ka ọ̀rọ̀ nípa ìlú Kétu nínú kíláàsì wa. Ìyá àgbà kan gbójú sókè kúrò nínú ìwé rẹ̀. Ó bi mí pé: "Olùkọ́, ọmọ mi, mo ti ń gba Àkàbà Ìdènà kọjá láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́yìn ìyá mi. Nísinsìnyí tí mo ti mọ̀wé kà, kí ni wọ́n kọ sí ara rẹ̀ tí mo lè kà?"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí ìbéèrè náà wọ̀ mí lọ́kàn. Mo rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí a tún pàdé, mo dá ìyá náà lóhùn pé: "Ìyá, wọn kò kọ a, b, d sí i lára. Síbẹ̀ ìwé ni. Ọkọ́ ni kálámù rẹ̀, ilẹ̀ ni ojú ìwé rẹ̀."

Ìdáhùn yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín níhìn-ín. Ibi tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá, bí ọjà, ojúde ọba, oríta, ẹnu ibodè àti abẹ́ igi ńlá, ìwé ni. Ẹni tí ó bá ṣe ètò ibẹ̀ ni ó kọ ìwé náà. Bí àwa kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣètò rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò kọ ọ́ fún wa. Ó sì lè gbàgbé láti kọ orúkọ wa.

KÍ NI ÀKÀBÀ ÌDÈNÀ?

Kétu jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú ọba àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kò jìnnà sí ààlà Nàìjíríà. Alákétu ni orúkọ oyè ọba rẹ̀.

Àwọn àgbà ń pìtàn pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ti wá. Wọ́n dúró sí ibì kan tí ń jẹ́ Àró. Lẹ́yìn náà, ọba Èdè kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde láti wá ibi tí ó dára jù. Ọdẹ kan tí ń jẹ́ Alálúmọ̀n ni ó mọ inú igbó. Òun ni ó ṣíwájú wọn títí wọ́n fi dé ibi tí Kétu wà lónìí.

Nípa orúkọ ìlú náà, ìtàn kan sọ pé inú ìbéèrè kan ni ó ti jáde: "Ta ní í tú iké? Ta ní í tú ìlú?" Ẹ mọ ohun tí iké jẹ́. Òun ni ohun tí ó yọ gọngọ lẹ́yìn abuké. Kò sí ẹni tí ó lè tẹ́ ẹ padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni wọ́n ní kò ní sí ẹni tí yóò lè tú ìlú yìí ká.

Ìlú tí ó bá jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò lè wà láìní odi. Ìtàn sọ pé ọba Sà ni ó mọ odi yí Kétu ká, tí ó gbẹ́ yàrà, tí ó sì kọ́ ibodè tí à ń pè ní Àkàbà Ìdènà. Ilé ibodè ni, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ìlẹ̀kùn onígi sì ni ó ní. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé kò kàn ní gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá. Inú ilé ibodè ni yóò gbà, lójú àwọn tí ń ṣọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń ṣe odi àti yàrà. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ yí ìlú ká. Ihò gígùn tí wọ́n gbẹ́ yìí ni yàrà. Erùpẹ̀ tí wọ́n bá kó jáde, wọn kì í dà á nù. Wọ́n á po ó, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ dáadáa, wọ́n á sì fi mọ odi sí ìhà inú. Bí yàrà ṣe ń jìn sí i ni odi ń ga sí i. Iṣẹ́ kan, èrè méjì. Ọ̀tá tí ó bá fẹ́ wọlé yóò kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, yóò sì tún gòkè odi.

Ẹnì kan ṣoṣo kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ìdílé kan kò lè dá a ṣe. Nítorí náà, nígbà tí a bá dúró létí yàrà Kétu, ohun àkọ́kọ́ tí a rí kà níbẹ̀ ni pé gbogbo ìlú ni ó pawọ́ pọ̀.

Ohun kejì wà nínú orúkọ náà. Ìdènà ni ohun tí ń dí ọ̀nà. Ẹ wò ó, ẹnu ọ̀nà ni, síbẹ̀ wọ́n pè é ní ohun tí ń dí ọ̀nà. Kí nìdí? Nítorí pé ó ń ṣí fún ará ilé àti àlejò rere, ó sì ń tì mọ́ ọ̀tá. Ẹni tí ó bá ní èrò rere yóò gba ẹnu ọ̀nà. Olè ni í gun odi.

OGUN DÉ

Ẹ jẹ́ kí a wá ka ojú ìwé tí ó korò.

Láàárín ọdún 1800 sí 1900, àwọn ọba Dàhòmì, tí ìlú wọn ni Agbómẹ̀, rán àwọn ọmọ ogun wọn sí ilẹ̀ Nàgó lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ń kó ènìyàn. Wọ́n ń ta àwọn kan fún àwọn tí ń kó ẹrú kọjá òkun. Wọ́n ń mú àwọn mìíràn lọ ṣiṣẹ́ oko. Wọ́n kọlu Abẹ́òkúta ní ọdún 1851 àti ní ọdún 1864, ṣùgbọ́n àwọn Ẹ̀gbá lé wọn padà. Kétu wà ní àárín Agbómẹ̀ àti Abẹ́òkúta. Ẹ mọ ohun tí ojú ìlú tí ó wà láàárín máa ń rí.

Ní ọdún 1883, nígbà tí Glele jẹ́ ọba Dàhòmì, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wọ Kétu, wọ́n sì dáná sun ún. Àwọn tí ó kù tún ìlú náà ṣe. Ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì tún padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n dó ti ìlú náà. Ẹnikẹ́ni kò lè jáde lọ sóko. Ebi wọlé. Àwọn àgbà ń pìtàn pé kì í ṣe odi ni ó kọ́kọ́ wó. Ẹ̀tàn ni wọ́n fi ṣẹ́gun. Wọ́n ní kí àwọn olórí ogun Kétu jáde wá kí wọ́n jọ sọ ọ̀rọ̀ àlàáfíà. Nígbà tí àwọn olórí jáde, wọ́n mú wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni ìlú tí ẹnikẹ́ni kò lè tú ṣe tú. Wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Agbómẹ̀. Igbó bo ojúde ọba.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọdún kan sọ́kàn: ọdún 1889. Ní ọdún náà, Kétu ṣì jẹ́ ahoro. Ní ọdún náà gan-an ni àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò nípa ààlà láàárín ilẹ̀ tí àwọn méjèèjì fẹ́ gbà. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Mẹ́kọ̀, tí ó jẹ́ ọmọ ìyá Kétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Orí ìwé ni wọ́n ti ya ilẹ̀ wa sí méjì, nígbà tí a kò sí nílé. Ta ni ì bá sọ̀rọ̀? Ẹni tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ wà lóko ẹrú.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1892, àwọn Faransé gba Agbómẹ̀. Àwọn ọmọ Kétu tí ó wà lẹ́rú níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí padà bọ̀. Nígbà tí ó fi di ọdún 1894, ìlú ti tún dúró, ọba sì ti wà lórí ìtẹ́.

Ẹ fojú inú wo àwọn tí ń padà bọ̀ wọ̀nyí. Ọmọ tí wọ́n mú lọ ní ọmọ ọdún mẹ́fà ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ìyá tí ó lọ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta lè padà pẹ̀lú ẹyọ kan. Ilé kò sí mọ́, koríko ti hù. Báwo ni wọ́n yóò ṣe mọ̀ pé àwọn ti dé ilé? Wọn kò ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ní ni yàrà, ibodè àti àwọn igi ńlá. Ibodè ni yóò fi ọ̀nà ojúde hàn wọ́n. Yàrà ni yóò fi ibi tí ìlú parí sí hàn wọ́n. Ìwé tí àwọn baba wọn kọ sórí ilẹ̀ kò parẹ́.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún Àkàbà Ìdènà. Kì í ṣe nítorí pé ó ṣẹ́gun. Ìlú ṣubú lójú rẹ̀. A ń bọ̀wọ̀ fún un nítorí pé ó dúró de àwọn ọmọ rẹ̀ títí wọ́n fi dé.

ÈRE ŃLÁ TÍ Ó WÀ NÍ KÙTỌNÙ

Ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2022, ìjọba ṣí aṣọ lójú ère ńlá kan ní Kùtọnù. Ère obìnrin jagunjagun ni. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 30. Ó dúró fún àwọn ọmọ ogun obìnrin Dàhòmì, àwọn tí Faransé ń pè ní Amazone. Ìjọba tún ṣí ère Bio Guéra, akọni ọmọ Bàríbá tí ó bá Faransé jà tí ó sì kú ní ọdún 1916. Ó gun ẹṣin níbẹ̀.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ ère náà nínú kíláàsì, ọkùnrin kan dìde. Ó ní: "Olùkọ́, ṣé kì í ṣe àwọn ọmọ ogun yẹn ni wọ́n kó àwọn baba wa lẹ́rú? Báwo ni a ó ṣe máa kí wọn?"

Kíláàsì pín sí méjì. Àwọn kan ní òtítọ́ ni ó sọ. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ti pẹ́, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kan náà ni gbogbo wa lónìí.

Ohun tí mo sọ fún wọn nìyí. Òtítọ́ méjì lè wà nínú ilé kan láìbára wọn jà. Òtítọ́ kìíní: àwọn obìnrin wọ̀nyí ní ìgboyà. Ní ọdún 1890 àti 1892, wọ́n dúró níwájú ìbọn Faransé, ọ̀pọ̀ wọn sì kú. Àwọn mìíràn nínú wọn jẹ́ ọmọbìnrin tí Dàhòmì kó lẹ́rú láti ìlú mìíràn, títí kan ilẹ̀ Nàgó. Òtítọ́ kejì: àwọn ọmọ ogun Dàhòmì, lọ́kùnrin lóbìnrin, ni wọ́n jó àwọn ìlú wa. Ẹni tí ó bá sọ òtítọ́ kan tí ó fi èkejì pamọ́, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó sọ.

Nítorí náà, èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni wó ère kankan. Ohun tí mo ń sọ ni pé ojú ìwé kan kì í ṣe odindi ìwé. Bí orílẹ̀-èdè bá kọ ojú ìwé Agbómẹ̀ ní lẹ́tà ńlá sí etí òkun, ó yẹ kí ojú ìwé Kétu, ti Sábẹ̀ẹ́ àti ti àwọn ìlú Nàgó yòókù hàn ketekete pẹ̀lú. Ọmọ tí ó wo ère ní Kùtọnù lónìí gbọ́dọ̀ lè dúró ní Àkàbà Ìdènà lọ́la. Nígbà náà ni yóò mọ ìtàn ní odindi.

OHUN TÍ WỌ́N ṢE NÍ ÀJÀṢẸ́

Bóyá ẹnì kan ń rò pé irú nǹkan báyìí kò ṣeé ṣe láìsí owó gọbọi. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Àjàṣẹ́, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo.

Nínú àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Àjàṣẹ́, àwọn agbo wà láàárín agboolé. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní agbo tirẹ̀. Níbẹ̀ ni ojúbọ wà, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ọdún, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sin òkú àgbà, níbẹ̀ náà ni ọmọdé ti ń ṣeré. Lẹ́yìn ọdún 2010, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Ouadada bẹ̀rẹ̀ sí tún àwọn agbo wọ̀nyí ṣe. Lokossa wà lára wọn. Ní èdè Gùn, "abẹ́ ìrókò" ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn.

Ohun tí ó wù mí nínú iṣẹ́ wọn ni bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ lọ bá àwọn ìdílé tí ó ni agbo. Àwọn tí ó ni ilẹ̀ àti òrìṣà ni ó sọ ohun tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn àti ohun tí ènìyàn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ilẹ̀ ṣe, wọ́n tún ojúbọ ṣe, àwọn oníṣẹ́ ọnà sì ya àwòrán sára ògiri. Ẹ̀sìn ẹni lè yàtọ̀. Mùsùlùmí lè gba ibẹ̀ kọjá, ọmọ ìjọ lè gba ibẹ̀ kọjá. Gbogbo wọn ni yóò mọ̀ pé ilẹ̀ yìí ní oní-nǹkan, ó sì ní ìtàn.

OHUN TÍ ÀWỌN ARÁ WA ṢE NÍ ÒKÈ ÒKUN

Mo ti sọ pé wọ́n ta àwọn kan nínú àwọn ènìyàn wa kọjá òkun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dé Bahia, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Wọn kò gbé odi dání, wọn kò gbé igi dání. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé orúkọ dání. Títí di òní, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ẹ̀yà olórìṣà tí ó wà níbẹ̀ ń pe ara rẹ̀ ní Kétu.

Ilé òrìṣà kan wà ní ìlú Salvador tí wọ́n ń pè ní Casa Branca, èyí tí ó túmọ̀ sí Ilé Funfun. Ẹ̀yà Kétu ni. Ìtàn wọn sọ pé àwọn obìnrin tí ó wá láti ilẹ̀ wa ni ó dá a sílẹ̀. Nígbà tí ìlú ń gbòòrò, ọ̀nà ọkọ̀ ńlá kọjá níwájú ilé náà, wọ́n sì kọ́ ilé epo sí ibi tí ó jẹ́ iwájú ilé. Ẹ fojú inú wò ó: níwájú ojúbọ Ọ̀ṣun, ibi tí wọ́n ti ń ta epo mọ́tò.

Àwọn ọmọ ilé náà kò dákẹ́. Wọ́n rí àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n kọ̀wé, wọ́n lọ bá ìjọba. Ní ọdún 1984, ìjọba Bùràsíìlì gbà pé ilé náà jẹ́ ohun ìní gbogbo orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bà jẹ́. Òun ni ilé òrìṣà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ní Bùràsíìlì. Lẹ́yìn náà, ilé epo kúrò níbẹ̀. Ibẹ̀ di ojúde, orúkọ Ọ̀ṣun ni wọ́n sì ń pe ojúde náà.

Bí àwọn tí wọ́n kó lọ nínú ẹ̀wọ̀n bá lè gba iwájú ilé wọn padà, kí ni àwa tí a wà nílé yóò sọ?

GẸ̀LẸ̀DẸ́ Ń FẸ́ ÀYÈ

Ẹ má ṣe rò pé ère àti odi nìkan ni mò ń sọ. Ilẹ̀ tí ó ṣófo náà lè jẹ́ ìtàn.

Gbogbo wa mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí à ń fi bu ọlá fún àwọn ìyá wa. Ní òru, Ẹ̀fẹ̀ á jáde, á kọrin, á súre, á sì bá àwọn tí ń ṣe ibi wí. Ní ọ̀sán, àwọn agbégijó á jó. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO kéde pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ ohun iyebíye fún gbogbo ayé. Ní ọdún 2008, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ńlá wọn ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò.

Ó dára. Ṣùgbọ́n níbo ni Ẹ̀fẹ̀ ti ń kọrin? Ní ọjà ni, tàbí ní ojúde. Bí a bá kọ́ ṣọ́ọ̀bù kún gbogbo ọjà, tí a sì ta gbogbo ojúde, orúkọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yóò wà nínú ìwé UNESCO, ṣùgbọ́n Ẹ̀fẹ̀ kò ní rí ibi dúró sí. Ẹni tí ó bá ń ṣètò ọjà tuntun gbọ́dọ̀ béèrè pé: àyè eré ńkọ́? Ọ̀nà tí egúngún ń gbà ńkọ́? Igi tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ ńkọ́?

IGI TÍ A KÒ LÈ TÚN GBÌN

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí ojú mi rí. N kò ní dárúkọ abúlé náà.

Ní ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, mo ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní abúlé kan. Ìrókò ńlá kan wà ní àárín ìta. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń dá owó àjọ. Àwọn àgbà ní ìrókò náà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dá abúlé sílẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, katapílà dé. Wọ́n fẹ́ fẹ ọ̀nà. Kí oòrùn tó dé àtàrí, igi ti wó. Àwọn arúgbó sunkún bí ọmọdé.

Baálẹ̀ lọ bá ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́. Ó bi í pé kí ló dé tí wọn kò bi àwọn léèrè. Ọ̀gá náà fa ìwé kan yọ. Ó ní ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi lẹ ìwé náà mọ́ ara ògiri, pé kí ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ wá sọ ọ́. Ó ní ẹnikẹ́ni kò wá.

Òtítọ́ ni. Ìwé náà wà lára ògiri. Ojoojúmọ́ ni a ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, àwọn ará abúlé kò sì mọ̀wé kà. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n kà ńkọ́? Èmi náà ń kọjá. N kò dúró kà á. Mo rò pé kò kàn mí, nítorí pé àlejò ni mí. Láti ọjọ́ náà, n kì í kọjá níwájú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri láìkà á.

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ọdún 1889 ni ó padà wá. Wọ́n yà á lórí ìwé, a kò sì sí níbẹ̀. Àkọ́kọ́, a wà lóko ẹrú. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, a wà nílé, ṣùgbọ́n a kò kà á.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Ẹ̀kíní, kí a bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Igi wo ni èyí? Ta ni ó gbẹ́ kànga yìí? Kí ló dé tí à ń pe oríta yìí ní orúkọ yìí? Kí a kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, àti orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́, àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Ẹ̀yin ni akọ̀wé ìlú yín báyìí.

Ẹ̀kejì, kí a máa ka gbogbo ìwé tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé mẹ́ẹ̀rì. Bí ó bá jẹ́ Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, kí a ní kí ọmọ ilé ìwé kà á fún wa, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ la ọ̀nà tàbí kọ́ ọjà, kí a lọ kí katapílà tó dé. Ẹni tí ó bá lọ lẹ́yìn katapílà, ẹkún ni ó lọ sun.

Ẹ̀kẹta, kí a béèrè pé kí wọ́n kọ orúkọ ibẹ̀ ní èdè wa pẹ̀lú Faransé. Bí ojúde bá ti ní orúkọ láti ayé àwọn baba wa, kí wọ́n má ṣe fún un ní orúkọ mìíràn.

Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe rántí ọba àti jagunjagun nìkan. Ta ni ó gbé omi fún àwọn tí ó mọ odi? Ta ni ó se oúnjẹ wọn? Kí a rántí àwọn obìnrin. Kí a rántí àwọn tí wọ́n kó lọ tí wọn kò padà. Kí a rántí àwọn àlejò tí ó wá bá wa gbé.

Ẹ̀karùn-ún, kí àwa fúnra wa má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ ba ohun wa jẹ́. Ẹni tí ó da ìdọ̀tí sínú yàrà, ojú ìwé baba rẹ̀ ni ó ń ya. Ẹni tí kò bọ̀wọ̀ fún ohun tirẹ̀ kò lè bá ẹlòmíràn jà pé kò bọ̀wọ̀ fún un.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yẹn parí. Ní ìparí ẹ̀kọ́ wa ní ọdún náà, mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí yóò fẹ́ kí wọ́n kọ sára pátákó ní ibi tí ó fẹ́ràn nílùú. Àwọn kan kọ nípa kànga, àwọn kan kọ nípa ọjà. Ìyá àgbà pẹ́ kí ó tó parí. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí ó gbé ìwé rẹ̀ fún mi, ohun tí mo rí nìyí, pẹ̀lú gbogbo àmì lórí rẹ̀:

"Ibí ni ìyá ìyá ìyá mi gbà wọlé nígbà tí ó ti oko ẹrú dé."

Ìyá náà ti ka Àkàbà Ìdènà. Ó sì ti kọ ojú ìwé tirẹ̀ kún un.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni yàrà? Báwo ni wọ́n ṣe ń lo erùpẹ̀ inú rẹ̀?
2. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí Kétu ní ọdún 1883, 1886 àti 1894?
3. Ibo ní ìlú tàbí abúlé yín ni ẹ kò fẹ́ kí ó parẹ́? Ta ni ó mọ ìtàn ibẹ̀? Ìgbà wo ni ẹ ó lọ bi í?
4. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ ó fẹ́ kí gbogbo ènìyàn rí kà níbẹ̀.